Ìbéèrè Yín: Lílọ sí Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́jọ láti Ẹ̀pẹ́ fẹ́ lọ wo ẹranko ní Ọgbà Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́ Ilé. Kí la máa gbé dání, kí ni a kò sì gbọdọ̀ ṣe? (Òǹkàwé kan, Pápá, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ. Koríko ti rẹlẹ̀ nígbà náà, omi ò sì pọ̀, ìdí odò ni ẹfọ̀n àti ọ̀bọ máa ń wá. Ẹ sùn sí Ọ̀yọ́ mọ́jú, torí ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹranko ń jáde. Ọgbà náà fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ má wọ̀ ọ́ láìsí ẹ̀ṣọ́ igbó.

Ẹ má wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú, àwọ̀ méjèèjì ló ń fa eṣinṣin tsetse tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀, alápá gígùn, ló dára. Omi lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kó wà, kì í ṣe inú ọ̀rá. Ọ̀rá tí ẹranko bá gbé mì lè dí ìfun rẹ̀ pa.

Èyí tó ń dùn wá jù ni fífún ọ̀bọ lóúnjẹ. Ọ̀bọ tó bá ti gba búrẹ́dì lọ́wọ́ èèyàn kò ní bẹ̀rù mọ́: á máa já báàgì gbà, á máa bu èèyàn jẹ, wọ́n á sì yìnbọn pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti fèrèsé ọkọ̀.

Ẹ má dá iná, ẹ má mu sìgá. Ọyẹ́ á ti mú koríko gbẹ. Bí wọ́n bá na ẹran ìgbẹ́ sí yín lójú ọ̀nà, ẹ má rà á.