Ẹ Bi Wá: Wúfà ń dún ní kíṣìnì, èmi tí mo rà á ò gbọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ra wúfà oní-ínṣì 10 lóṣù tó kọjá, mo gbé e sí kọ̀nà pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Pálọ̀ wa ò tóbi, fíìtì 12 ní 12 ni, àga mi sì wà láàárín gan-an lábẹ́ fáànù. Tí mo bá jókòó báyìí mi ò ní gbọ́ béèsì, á dà bíi pé wọn ò so wáyà ẹ̀, àmọ́ ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ní kọ̀nà ẹ̀yìn, á máa pariwo pé kí n rọra o, abọ́ ń gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra oní-ínṣì 15. Ṣé kí n rà á?
Baba Ìbejì, Agbowó, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Baba Ìbejì, ẹ má ra nǹkan kan o jàre, ẹ fowó yẹn ra mílíìkì fáwọn ọmọ. Wúfà yín ò ṣẹ̀ yín, ibi tẹ́ ẹ gbé àga sí ni.

Ẹ bu omi sínú ọpọ́n tẹ́ ẹ fi ń wẹ̀ fáwọn ìbejì, kẹ́ ẹ rọra máa mì í síwá sẹ́yìn. Etí ọpọ́n lomi ti máa ń gùn sókè tó tún ń wálẹ̀, àárín ẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ gùn. Bí béèsì ṣe ń ṣe nínú pálọ̀ nìyẹn, á lọ gbá ògiri, á padà, èyí tó ń lọ àtèyí tó ń bọ̀ á pàdé, létí ògiri wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́, láàárín wọ́n á pa ara wọn, ibẹ̀ gan-an lẹ wá lọ jókòó sí! Tẹ́ ẹ bá yí fólúùmù sókè, pípa náà á kàn máa pọ̀ sí i ni. Ohùn ń rìn tó bíi fíìtì 1,130 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ẹ pín in sí 24, ìyẹn 12 lọ́nà méjì, ẹ ó bá a ní nǹkan bíi 47 Hz (ìyẹn ni pé ohùn náà ń mì nígbà 47 ní sẹ́kọ́ǹdù kan), okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì ló ń dún lágbègbè ibẹ̀. Pálọ̀ yín tún wá dọ́gba lóròó àti níbùú, ìṣòro méjèèjì bá kó sórí 47 kan náà. Ògiri búlọ́ọ̀kù wa náà ò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kì í jẹ́ kí béèsì sá jáde bíi tilé oníbọ́ọ̀dù àwọn òyìnbó.

Ẹ sún àga sẹ́yìn títí orí yín á fi jìnnà sógiri ẹ̀yìn tó fíìtì mẹ́rin ààbọ̀, ẹ má fẹ̀yìn ti ògiri o, béèsì á kàn máa hó lé yín lórí ni. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé wúfà fúnra ẹ̀ sórí àga yẹn, ẹ fi orin tí béèsì ẹ̀ ò dáwọ́ dúró sí i, kẹ́ ẹ wá máa rákò létí ògiri bí ọmọ oṣù mẹ́jọ. Bí ohùn ṣe ń tetí ògiri dé orí àga náà ló ṣe máa ń torí àga dé etí ògiri, torí náà ibi tó bá ti dún geere létí yín, tí kì í ṣe ibi tó ti pariwo jù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé wúfà sí. Àárín ògiri iwájú ni mo fojú sí. (Ẹ ti ilẹ̀kùn o, kí lándílọ́ọ̀dù má bàa rò pé nǹkan ti ṣe yín.)

Ẹ fi nọ́bù crossover (ibi tí wúfà ti ń gba béèsì lọ́wọ́ àwọn sípíkà yòókù) sí 80 Hz, ẹ yí phase (èyí tó ń mú kí ohùn wúfà bá tàwọn sípíkà yòókù rìn pọ̀) láti 0 sí 180, èyí tí béèsì bá ti kún jù lórí àga ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Tí lúfà fèrèsé bá ń gbọ̀n, ẹ ki pépà sí i. Tówó bá tún wọlé lọ́jọ́ iwájú, wúfà kejì oní-ínṣì 10 láàárín ògiri ẹ̀yìn dára ju oní-15 ọ̀rẹ́ yín lọ fíìfíì.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kéréètì ẹyin tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri á gba béèsì mú?
Ọmọ Mọ́kọ́lá

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ìgbì béèsì 47 Hz yẹn gùn tó fíìtì 24, kéréètì ò nípọn tó ínṣì mẹ́ta, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ kó wọn padà fún ìyá ẹlẹ́yin.