Ìdí tí bàbá yín fi ń ka “iṣu” tí wọn kò lè ka “sí”

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ ní láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, wọ́n ń ka “iṣu” àti “ilé” dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ń fo “sí”, “ti” àti “pẹ̀lú”, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ ra awò ojú tuntun. Ojú tí ó rí “iṣu” yóò rí “sí”. Ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ó ṣe èmi náà ní ọdún 2016. Bí mo bá kan “ọjà” nínú ìwé ìròyìn, ojú ẹsẹ̀ ni ọjà yóò yọ sí mi lọ́kàn, tòun ti àwọn aláta. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé orí “sí”, tí mo sì ń rí lẹ́tà méjèèjì kedere, ẹnu mi yóò kàn là sílẹ̀ láìsí ìró. Ìyàwó mi kọ “ọkọ́” síwájú mi, mo sì kà á ní “àdá”. Mo mọ̀ pé irinṣẹ́ àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ gan-an kò wá. Dókítà tí ó ń tọ́jú mi sọ lójú àwọn ọmọ mi pé mo ń díbọ́n. Ó dùn mí wọ egungun, nítorí pé láti ọdún 1973 ni Marshall àti Newcombe, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ, ti ṣàlàyé irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí ó ti kà á.

Bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ọpọlọ ní ọ̀nà tí ó ń sọ lẹ́tà di ìró, ó sì ní èyí tí ó ń gba inú ìtumọ̀ kọjá. Bí ti ìró bá bàjẹ́, ti ìtumọ̀ ni ènìyàn yóò gbára lé. Iṣu ṣeé fojú inú rí, “sí” kò ṣeé rí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, bíi “kébúfi”, kí ẹ ní kí wọ́n kà á: bí ọ̀nà ìró bá ti bàjẹ́, yóò ṣòro fún wọn, nítorí kò ní ìtumọ̀ tí wọ́n lè gbára lé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àgbo rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn o! Mo mọ ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ tí àrùn náà tún padà dá a wó.

Ẹ wá onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Ní tèmi, “lọ sí ọjà” ni a ń kà pọ̀ lójoojúmọ́, tí ìyàwó mi yóò wá fi àtàǹpàkò bo “lọ” àti “ọjà”. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí “sí” tó dá jáde lẹ́nu mi.