Èsì: sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé iná wá tó tún ń mú un lọ

Ẹ kú ìṣòro o. Ẹ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì yín ń gbé iná wá, ó tún ń mú un lọ. Tó bá jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá mi pulọ́ọ̀gì ni iná ń wá tó sì ń lọ, wáyà ló tú lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, tàbí kí irin inú ẹ̀ ti fẹ̀, kò di ẹsẹ̀ pulọ́ọ̀gì mú mọ́. Ìyẹn tí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì yòókù bá ń ṣiṣẹ́ o, tí gbogbo yàrá bá kú, bíréékà tàbí fíùsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ má ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ ná, wáyà tó tú máa ń gbóná, ibẹ̀ ni iná ti ń ràn.

Ẹ pa bíréékà, swíìṣì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ò tó, torí nínú ilé àtijọ́ wọ́n lè ti so wáyà sódì, iná á ṣì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá pa á. Ẹ fi tẹ́sítà, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń fi hàn bóyá iná wà, wò ó, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dán tẹ́sítà ọ̀hún wò níbi tó níná. Lẹ́yìn náà ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan díẹ̀, èyí tó bá mì, ẹ dè é le.

Tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti dúdú tàbí tó yọ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ni. Tí rọ́bà ara wáyà bá ń rún mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ pe oníṣẹ́ iná.