Ẹ má tíì yọ amalgam ẹnu yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ gbọ́ pé mẹ́kúrì (irin tó ń ṣàn bí omi) inú amalgam, nǹkan dúdú tí wọ́n fi dí eyín yín, ń ba omi àti ilẹ̀ jẹ́, pé ṣé kí ẹ lọ yọ ọ́? Ẹ ṣe sùúrù. Bí kò bá tíì sán, tí kò sì dùn yín, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ ni èéfín rẹ̀ ń jáde jù, tí àfọ́kù rẹ̀ ń bá omi ẹnu lọ.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá dókítà eléyín kan ṣiṣẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Èmi ni mò ń po amalgam nínú odó gíláàsì kékeré: mẹ́kúrì á tó bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, ìyókù jẹ́ lẹ́búlẹ́bú fàdákà, bàbà àti irin mìíràn. Tó bá rọ̀ jù, a ó wé e sínú aṣọ, a ó fún un, mẹ́kúrì á máa kán bọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀kán kan já bọ́ sílẹ̀, ó yí gbirigbiri wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbálẹ̀ ni mo mú! Bí mo ṣe ń gbá a ló ń pín sí kéékèèké. Ta ló kọ́ mi pé ìgbálẹ̀ kọ́ là ń fi kó o?

Ìyẹn ò tiẹ̀ tó nǹkan. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú odó, ó di síǹkì. Láti síǹkì, ó di gọ́tà. Òwú tí àfọ́kù lẹ̀ mọ́, a óò dáná sun ún lẹ́yìnkùlé. Iná kì í pa mẹ́kúrì o, ńṣe ló ń gbé e sáfẹ́fẹ́, tí yóò tún bá òjò padà wá. Tó bá dé ìsàlẹ̀ odò, àwọn kòkòrò tójú ò lè rí a sọ ọ́ di oró tó ń wọ ara ẹja. Ẹja ńlá tó ń jẹ kéékèèké ló ń kó jù. Irú oró bẹ́ẹ̀ ló pa àwọn èèyàn Minamata ní Japan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ńlá ló da tiwọn sómi. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi pe àdéhùn 2013 lórí dídín mẹ́kúrì kù, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de fífi amalgam dí eyín láti oṣù kìíní 2025, àyàfi tí dókítà bá rí i pé ara aláìsàn nílò rẹ̀ dandan.

Tí ẹ bá fẹ́ dí òmíràn, ẹ bèèrè èyí tó funfun: composite tàbí glass ionomer. Àmọ́ composite ní ike nínú, eruku rẹ̀ náà ń bómi lọ. Glass ionomer sì tètè ń gbó lójú eyín ẹ̀yìn tí a fi ń jẹ ẹran.

Ọdún tí mo lò kẹ́yìn, dókítà kékeré kan dé, ó ní ká máa kó gbogbo àṣẹ́kù amalgam sínú ìgò tó ní ìdérí líle. A ṣe é. Ìgbà tí mo fi máa kúrò, ìgò náà ti fẹ́ẹ̀ kún, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a ò tíì rí ẹni tó máa wá gbé e.