Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Omi tí wọ́n ń fín sí wa lára níta gbangba, ṣé kò léwu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá wa lóhùn. Ibi ìgbafẹ́ kan wà tá a máa ń gbé màmá wa lọ, tí oòrùn bá ti mú, wọ́n á tan àwọn fáànù ńlá kan tó ń fín omi jáde bí ìrì, ara á sì tutù pẹ̀sẹ̀. Màmá fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, iwájú ẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń jókòó sí. Àmọ́ lọ́jọ́ tá a lọ kẹ́yìn, mo rí i pé ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde ti dúdú, èérí aláwọ̀ ewé wà lára ẹ̀, omi náà sì ń rùn díẹ̀. Mo ní ká sún kúrò níbẹ̀, ni àbúrò mi bá ń bínú pé àṣejù mi ti pọ̀, ṣebí a ò mu omi náà. Màmá ti lé lẹ́ni 70 ọdún, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àṣejù ni lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Rárá o, kì í ṣe àṣejù, ẹ sì ṣeun tẹ́ ẹ fura. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò yín sọ yẹn gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ohun tó ti mọ́ wa lára ni pé omi tí ò mọ́, ikùn ló ń dà rú, ìgbẹ́ gbuuru, kọ́lẹ́rà, àwọn yẹn la mọ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn kan lè wà nínú irú omi tẹ́ ẹ rí yẹn, mímu kọ́ ló sábà máa ń gbà wọlé, mímí ni. Legionella lorúkọ ẹ̀, inú omi ló ń gbé, tí ẹ̀rọ bá wá fọ́ omi yẹn sí wẹ́wẹ́ débi pé ojú ò lè rí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan mọ́, èèyàn á fà á símú láìmọ̀, kò ní dúró lọ́nà ọ̀fun, inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti ń di òtútù àyà tó le gan-an. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá kó o, ó máa ń pa tó ẹnì kan.

Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀. Lọ́dún 1976, àwọn ajagunfẹ̀yìntì ẹgbẹ́ American Legion ṣe ìpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀, èèyàn 182 ṣàìsàn, 29 kú, gbogbo àwọn dókítà ń wò suu, àfi ìgbà tó di January 1977 kí àwọn onímọ̀ CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, tó kéde pé àwọn ti rí kòkòrò náà, orúkọ ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Èyí tó jọ tiyín jù ni ti ìlú Bogalusa ní Louisiana lọ́dún 1989. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ló ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fín omi sórí ẹ̀fọ́ kó má baà rọ, ó dà bí ohun tí ò lè pa eṣinṣin, àwọn èèyàn kàn ń ra ọjà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ 33 ló dèrò ọsibítù. Lọ́dún 1999 náà, níbi ìpàtẹ òdòdó kan ní Bovenkarspel, ní Netherlands, wọ́n gbé agbada ìwẹ̀ olómi gbígbóná kan síta fún àfihàn, kì í ṣe pé wọ́n ní kí àwọn èèyàn wá wẹ̀ níbẹ̀, omi ẹ̀ kàn ń ru sókè ló ń tú yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ sínú afẹ́fẹ́, àwọn tó bá a lọ lé ní 30.

Torí náà, kì í ṣe fífín tí wọ́n ń fín omi ló burú, ibi tí omi náà sùn sí kí wọ́n tó fín in lẹ máa bi ara yín. Omi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, láti nǹkan bí 20 dé 45 lórí ìwọ̀n Celsius, ni kòkòrò yìí ti ń bí sí i. Tó bá tutù ju 20 lọ, kì í lè pọ̀ sí i, tó bá sì ti gbóná tó 60, ó ń kú nìyẹn. Ẹ wá ro táǹkì tó wà lábẹ́ oòrùn àti páìpù dúdú tí wọ́n ta sókè gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé, tí omi sì dúró sínú ẹ̀ láti àná.

Èérí aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ rí yẹn náà, tẹ́ ẹ bá fìka kàn án, ẹ ó rí i pé ó ń yọ̀ bọ̀rọ̀. Inú ẹ̀ ni àwọn kòkòrò ń sá pa mọ́ sí, chlorine kì í ráyè dé ibẹ̀ dáadáa, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní amoeba sì wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń gbé kòkòrò mì, ṣùgbọ́n Legionella kì í kú sí wọn nínú, ńṣe ló ń bímọ síbẹ̀. Àmọ́ ẹ má sọ pé omi tí ò bá ti rùn kò léwu o, omi tó mọ́ gaara náà lè ní in.

Ara màmá gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tára ẹ̀ le lè mí i símú kó má ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn tó ti lé ní 50 ọdún, àwọn tó ń mu sìgá, àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ò dáa, alátọ̀gbẹ, àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àwọn ló ń mú balẹ̀. Ẹ wá ibi tí òjìji wà fún màmá, fáànù lásán tí ò lómi ti tó, ẹ fi aṣọ tútù nù wọ́n lọ́rùn àti lápá. Kí ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún àwọn tó ni ibẹ̀, torí màmá ẹlòmíì máa wá jókòó síbẹ̀ lọ́la.

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni mo ni ibi ayẹyẹ kan, mo sì ti na owó gidi sórí irú ẹ̀rọ yìí. Inú táǹkì ni páḿpù ti ń fa omi, a sì máa ń da chlorine sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n tú u kúrò ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ tú u, àmọ́ "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan" yẹn ni wàhálà. Chlorine ń fò lọ, pàápàá tí omi bá gbóná, ohun tẹ́ ẹ dà sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá lè má sí níbẹ̀ mọ́ lónìí. Tí ẹ bá lè so ẹ̀rọ náà mọ́ omi ẹ̀rọ ìjọba tààrà láìgba inú táǹkì, ìyẹn ló dáa jù. Tí táǹkì bá pọn dandan, ẹ bò ó, ẹ gbé e kúrò lóòrùn, tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán lálẹ́ ẹ tú omi inú ẹ̀ àti ti páìpù dà nù pátápátá kí gbogbo ẹ̀ gbẹ. Omi tó bá ti ro sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó padà sínú táǹkì láti tún un fín, ìyẹn burú jáì. Páìpù tẹ́ ẹ ti gé tí ò lọ síbì kankan mọ́, ẹ yọ ọ́, omi inú ẹ̀ kì í jáde láéláé. Àwọn ẹnu kéékèèké tó ń fín omi, ẹ máa tú wọn, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ rẹ wọ́n sínú omi apakòkòrò. Tí ẹ̀rọ bá sì ti wà lọ́jọ́ mélòó kan láìṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ ṣàn gba inú ẹ̀ dáadáa kí àlejò kankan tó dé, ẹni tó ń ṣe é náà ò gbọ́dọ̀ dúró sínú omi wúrúwúrú yẹn. Ẹ máa kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ sínú ìwé.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé AC inú yàrá mi náà lè fà á ni?

ÌDÁHÙN: AC inú yàrá kì í fín omi, torí náà ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí tí à ń bẹ̀rù ni cooling tower, ẹ̀rọ ràgàjì tó máa ń wà lórí òrùlé àwọn ilé ńlá, tó ń fi omi tutù. Irú ẹ̀rọ yìí ló fà á tí àìsàn náà fi bẹ́ sílẹ̀ ní South Bronx, New York, lọ́dún 2015, èèyàn 138 kó o, 16 kú, ìjọba ìlú náà sì ṣòfin lọ́dún yẹn pé gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo jókòó síwájú irú fáànù bẹ́ẹ̀. Ibà ń ṣe mí gidi, mò ń wúkọ́, orí ń fọ́ mi, mo ti lo amoxicillin tí mo rà fúnra mi, kò lọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má kó o ran àwọn ọmọ mi.

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ sọ́sibítù lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì parí kíka ìwé yìí tẹ́ ẹ bá ń mí gúlegúle. Ọjọ́ méjì sí mẹ́rìnlá ni àìsàn yìí máa ń gbà kó tó yọjú, tiyín sì bọ́ sáàárín ẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ara ni kòkòrò yìí ń gbé, amoxicillin àtàwọn ọmọ ìyá ẹ̀ kì í dé ibẹ̀, oògùn bí azithromycin tàbí levofloxacin ni dókítà máa ń lò, kẹ́ ẹ má sì rà á fúnra yín o. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu yín pé ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti ń fín omi, ẹ dárúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ náà, torí òtútù àyà lásán ló máa jọ lójú wọn tẹ́ ẹ ò bá sọ. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń fi ìtọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú kòkòrò náà, èyí tó wọ́pọ̀ jù, ló máa ń mú, torí ẹ̀ tó bá sọ pé kò sí, ẹ ní kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín náà wò. Ní tàwọn ọmọ, kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì. Àmọ́ tí wọ́n bá jọ jókòó síwájú fáànù yẹn pẹ̀lú yín, ẹ máa ṣọ́ wọn, tí ibà tàbí ikọ́ bá mú èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gbé e lọ.