“Fire was broken out”: kí ló burú níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń múra WAEC sílẹ̀ níbí ní Iléṣà. Wọ́n ní kí wọ́n kọ létà sí alága kánsù lórí iná tó jó ọjà, ó sì kọ ọ́ pé “Fire was broken out in the market on Friday night.” Tíṣà rẹ̀ fi bírò pupa fagi lé e, kò sọ ìdí. Mo wo “break out” lórí fóònù, ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó jọ ọ́ náà pọ̀: erupt, flare up, escape, burst out. Ṣé èyí tó bá wù wá la lè mú níbẹ̀? Ìyá Ọmọ, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ó dùn mí pé wọ́n fagi lé iṣẹ́ ọmọ láìsọ ìdí, torí ohun tó fẹ́ sọ yé e dáadáa. “Was” yẹn nìkan ló bà á jẹ́. Kó kọ ọ́ báyìí: “A fire broke out in the market on Friday night.”

“Break out” kì í gba àbọ̀ (object). Kò sí ẹni tó ń “break out” iná; iná fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, bí àwa náà ṣe ń sọ pé ogun bẹ́ sílẹ̀ láìdárúkọ ẹni tó bẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò bá ti ní àbọ̀, a ò lè fi “was” sọ ọ́ di ohun tí ẹlòmíràn ṣe. “Broken” kò lẹ́ṣẹ̀ o. “A fire has broken out” dára, “had broken out” náà dára.

Mo rò pé “the market was set on fire” tí àwọn ọmọ ń gbọ́ nínú ìròyìn ló ń ṣì wọ́n lọ́nà, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì ju máàkì lọ. Ẹni tó bá kà pé “the market was set on fire” yóò gbà pé ẹnìkan ló dáná sun ọjà, wọn ò kàn dárúkọ rẹ̀ ni. “A fire broke out” kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ wáyà ló gbiná, ó lè jẹ́ jẹnẹrétọ̀. A kàn sọ pé iná ṣẹ́ yọ. Ẹni tó ń kọ sítétímẹ́ǹtì ní tésàn, tàbí tó ń kọ̀wé sí alága kánsù bíi ti ọmọ yín, gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń sọ nínú méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn lè mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n máa mú.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́, rárá, mà, a kì í mú èyí tó bá ṣáà ti wù wá. Olùwà ni kí ọmọ kọ́kọ́ wò: kí ló bẹ́ sílẹ̀, tàbí ta ló já jáde?

Tó bá jẹ́ ogun tàbí ìjà, “erupt” bá a mu. Àpẹẹrẹ wà nílé fún àwa Ìjẹ̀ṣà: ogun Kírìjì, tí Ògèdèǹgbé ti ṣáájú àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀. “The Kiriji War broke out in 1877” tọ̀nà, “erupted” náà tọ̀nà, àmọ́ “erupt” gbé ariwo àti ipá dání, torí òun náà ni wọ́n ń lò fún òkè tó ń tú iná. “Flare up” yàtọ̀. Ohun tó ti wà nílẹ̀ tó tún ru sókè ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún: ìjà ààlà ilẹ̀ tí wọ́n ti parí tẹ́lẹ̀, tàbí asthma tó ti fi èèyàn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Fún àrùn, èmi kì í gba “erupt” lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. “Break out” ni, ibi tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀ ló sì dára jù fún. Ebola tó gba ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan, Guinea ló ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí arìnrìn-àjò gbé e wọ Èkó ní oṣù keje 2014, “reached Nigeria” ló ṣe rẹ́gí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ ni “outbreak”: “an outbreak of cholera”. “Breakout” ń bẹ lóòótọ́, ẹlẹ́wọ̀n ló ni ín.

Ẹlẹ́wọ̀n tó bá fipá já jáde, ó “broke out” nìyẹn. “Escape” kò sọ bó ṣe jáde, ó lè má fipá já nǹkan kan. Ní oṣù kẹrin 2021, àwọn agbébọn fipá wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Owerri, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 1,800 sì sá lọ: àwọn agbébọn “broke in”, àwọn ẹlẹ́wọ̀n “escaped”.

Ara tó sú tàbí òógùn tó ṣàdédé bo èèyàn: “she broke out in a rash”, “he broke out in a sweat”. “In” ni kó tẹ̀ lé e.

“Burst out” ni kí ọmọ yín ṣọ́ra fún jù. Èèyàn tó bú sẹ́kún tàbí tó bú sẹ́rìn-ín ló ni ín: “she burst out crying”, “he burst out laughing”. Tó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀-orúkọ, “into” ló máa lò: “burst into tears”, “burst into laughter”. Mọ́tò tó ṣàdédé gbiná náà, “burst into flames”. Iná ọjà kì í “burst out”. Kò sì sí “bursted” nínú ìdánwò. “Burst” lónìí, “burst” lánàá.

Ẹ bá mi sọ fún un pé kó máa pè é sókè bó ṣe ń kọ ọ́, torí WAEC ń dán ìró ọ̀rọ̀ wò pẹ̀lú. Nínú “outbreak”, iwájú ni kó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lórí “out”. Nínú “break out”, “out” náà ló máa tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló wà níbẹ̀.