Ṣé ọmọ Mùsùlùmí lè ka ìwé àlọ́ tí àjẹ́ àti iwin wà nínú rẹ̀?

Ìbéèrè: Asalaamu alaykum, Ààfáà wa. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mú ìwé ìtàn àròsọ kan bọ̀ láti ilé ìwé. Inú àlọ́ àtijọ́ ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti fa ìtàn náà yọ: àjẹ́ inú igbó, ìkookò tó ń sọ̀rọ̀, igi orí sàréè ìyá tó ń fún ọmọ òrukàn láṣọ. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kó kà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam, arábìnrin wa. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kíkà á, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó dá nìkan kà á.

Mo mọ hàdísì tí bàbá rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ègbé ni fún ẹni tó ń purọ́ kó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gba irọ́ òun gbọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní “Àlọ́ o!” kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, àtòun àtàwọn tó dáhùn “Àlọ̀!” ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Makamọ́tì, ìwé ìtàn èdè Lárúbáwá tí Hàrírì kọ, ẹni tó kú ní 1122, ṣebí àròsọ ni, síbẹ̀ àwọn àgbà onímọ̀ ń kọ́ ọmọ kéwú níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ tún wo ohun tó wà nínú hàdísì Abú Dáúdà. Ànábì ti ogun dé, afẹ́fẹ́ ká aṣọ ìkélé, ó sì rí àwọn ọmọláńgidi Àíṣà, ìyàwó rẹ̀ (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Ẹṣin kan wà láàárín wọn tó ní ìyẹ́ méjì tí wọ́n fi àkísà ṣe. Ó ní: “Ẹṣin tó ní ìyẹ́?” Àíṣà dá a lóhùn pé: “Ṣé ẹ ò gbọ́ pé Sulaimọ́nù ní àwọn ẹṣin tó ní ìyẹ́ ni?” Ànábì rẹ́rìn-ín títí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn. Kò bá a wí, kò sì gba ẹṣin náà.

Idán ni kí ẹ ṣọ́. Súrà Bákárà nínú Kùránì, áyà 102, sọ pé Sulaimọ́nù kò ṣe kèfèrí, àwọn èṣù tó ń kọ́ èèyàn ní idán ló ṣe é. Nítorí náà, bí ìwé náà bá ń kọ́ ọmọ ní ọfọ̀ tí yóò máa pè, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá dé ibi tí ọmọ òrukàn yẹn ti ń bẹ igi, ẹ dúró, ẹ bi ọmọ yín pé ta ni àwa ń ké pè nígbà ìnira. Tó bá ti dáhùn, ẹ jẹ́ kó ṣí ojú ìwé tó kàn.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.